Kùmọ̀ Àkọ́kọ́ Ti Àgbà Ni

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni Bongsu. Ìwé ìjọba ní mọ́kàndínláàádọ́rin ni. Ìwé ìjọba kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i.

Ọmọ méjì ti kú mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n tó bí i. Bàbá rẹ̀ ní òun kò ní fẹsẹ̀ rin ìrìn ìdajì ọjọ́ lọ sí ọ́fíìsì nítorí ọmọ tí kò tíì pinnu bóyá òun máa dúró. Bàbá náà dúró ọdún méjì. Nígbà tí ọmọ ti ń sáré kiri àgbàlá ló tó lọ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Akọ̀wé kò béèrè nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ wa ló rí bẹ́ẹ̀ ní Solmoe. Ìwé wa ń parọ́, ṣùgbọ́n a mọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n láàárín ara wa.

Igi ni Bongsu ń gbẹ́. Férémù tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn láti fi ru koríko àti igi ìdáná, òun ló ń ṣe é fún gbogbo abúlé. Tó bá fẹ́ ṣe ọ̀kan fún ọ, á ní kí o kẹ́yìn sí òun, á fi ọwọ́ wọn èjìká rẹ, kò ní sọ nǹkan kan. Èyí tó ṣe fún mi ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún, kò yẹ̀. Bongsu ga, ó sígbọnlẹ̀, ọ̀rọ̀ kò sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún un ní ipò Ẹhànnà nínú eré wa.

Oṣù kìíní, tí òṣùpá bá kún, la máa ń ṣe eré wa ní ilẹ̀ ìpakà. Ojú igbá la ń wọ̀. A ó la igbá sí méjì, a ó lu ihò ojú sí i, a ó kùn ún. Ojú méjì ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. Adájọ́ ní ojú funfun, irùngbọ̀n gígùn, ó mú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Ẹhànnà ní ojú pupa àti eyín ẹlẹ́dẹ̀. Adájọ́ á na abẹ̀bẹ̀ sí olè inú eré, á ní, "Lù ú!" Ẹhànnà á bú ramúramù, á fi pòròpòrò gbígbẹ lu olè náà lẹ́ẹ̀mẹta. Adájọ́ á ká abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, á ní, "Ó tó." Ẹhànnà á jókòó. Eré náà kò jù báyẹn lọ. Àwọn ọmọdé á máa sunkún, àwa á máa rẹ́rìn-ín. Tí a bá ṣe tán, a ó sun àwọn ojú náà, kí ohun tó wà nínú wọn má bàa bá wa délé.

Sangjun ni Adájọ́. Bongsu ni Ẹhànnà. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ṣe é. Láàárín rẹ̀, wọ́n fi Sangjun ṣe olórí abúlé. Láti ọjọ́ yẹn, kò pe Bongsu ní ẹ̀gbọ́n mọ́. "Bongsu" ló ń pè é gbàgàdà. Ìyàwó Sangjun sọ fún àwọn obìnrin létí kànga pé tí òun bá ń bu ọbẹ̀ fún ọkọ òun, kì í sọ pé ó pọ̀ tàbí kò pọ̀. Á na ọwọ́ rẹ̀, á ní, "Ó tó."

Bongsu gbọ́ ọ. Ó ní ọbẹ̀ ilé Sangjun kò sì tó rí.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, a gbin ìrẹsì tán, òjò kọ̀. A tún ṣe eré wa ní oṣù karùn-ún láti fi tọrọ òjò. Òjò kò rọ̀. A kò sun àwọn ojú igbá náà, a ní a lè tún lò wọ́n. Àṣìṣe wa àkọ́kọ́ nìyẹn.

Adágún kan ṣoṣo ló ń fún Solmoe Òkè, tiwa, àti Solmoe Ìsàlẹ̀ lómi, ní ìtẹ̀léra. Janggil ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn omi. Ọmọ Òkè ni, ó ń tiro, ìyàwó rẹ̀ wá láti Ìsàlẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó kan Òkè, a jí, a rí i pé omi ti lọ sí Ìsàlẹ̀. Ìyókù adágún di ẹrẹ̀. Oko mọ́kànlá gbẹ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ilẹ̀ là débi pé ẹsẹ̀ èèyàn ń wọ inú rẹ̀. Tèmi wà nínú mọ́kànlá yẹn. Oko àna Janggil ní Ìsàlẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Kò sí ẹni tó tún béèrè ọ̀rọ̀.

Sangjun ní kí wọ́n gbé ẹní wá.

Ẹní koríko ìrẹsì ni, èyí tí a ń sá ọkà sí. Tí abúlé bá fẹ́ jẹ èèyàn níyà, a ó tẹ́ ẹ, a ó tẹ́ onítọ̀hún lé e, a ó ká a mọ́ ọn, a ó fi okùn dì í. Onílé kọ̀ọ̀kan á lù ú ní kùmọ̀ kan. Ẹni inú ẹní kò ní rí ẹni tó lù ú. Àwọn àgbà ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ó má bàa mọ ẹni tí yóò máa bá ṣọ̀tá. Òfin méjì ló wà níbẹ̀. Kùmọ̀ àkọ́kọ́ ti ọkùnrin tó dàgbà jù lọ ni, kí ó tó lù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lù. Èkejì, tí oòrùn bá wọ̀, a gbọdọ̀ tú ẹní, ìyà onítọ̀hún sì ti parí. Òkú tálákà la ń fi ẹní wé. Ẹní tí alẹ́ bá bá ní dídì ti di ti òkú, ẹni tó dì í ni yóò sin ín.

Ó ti pé ọdún méjìléláàádọ́ta tí a ti dì í gbẹ̀yìn. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógún ni Bongsu nígbà náà. Ọkùnrin kan jí màlúù. Onílé méjìlélọ́gbọ̀n lù ú. Bàbá Bongsu ń ṣàìsàn, Bongsu ló lù ní orúkọ ilé wọn. Òun ni ìkeje. Kò sí ẹni tó pa ọkùnrin náà, nítorí kùmọ̀ kan péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lù. Ọjọ́ kẹrin ló kú. Bongsu sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé ìró rẹ̀ kò dà bí ìgbà tí a bá lu ẹní.

Àgbà tó ṣáájú Bongsu kú lọ́dún tí òjò kọ̀ yìí, nígbà tí yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́. Báyìí ni kùmọ̀ àkọ́kọ́ ṣe di tirẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n gbé Janggil dé. Wọ́n ti dì í, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ nínú ẹní, ọ̀kan kúrú. Ọkùnrin mẹ́tàdínlógójì ló wà ní ilẹ̀ ìpakà. Mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú kùmọ̀ mi. Àwọn bíi mẹ́fà ti kó ojú igbá jáde, wọ́n wọ̀ ọ́. Wọ́n ní oòrùn ló ń pa àwọn. Sangjun gbé ojú Adájọ́ lé orí bíi fìlà, abẹ̀bẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bongsu," ó ní, "ìwọ ló kàn."

Bongsu gba kùmọ̀. Ó yí i wò.

"Ta ló gbẹ́ eléyìí?"

"Èmi ni, Bàbá," Chilbok ní. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni Chilbok, oko méjì ló gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ti pọ́n láti òwúrọ̀.

"O ò gbẹ́ ẹ dáadáa. Á gún ọ lọ́wọ́."

Ó rìn lọ síbi ẹní. A gbé kùmọ̀ wa sókè díẹ̀, kí ó lè tètè kàn wá. Bongsu jókòó sílẹ̀. Etí ẹní gan-an ló jókòó sí, ó gbé kùmọ̀ lé itan.

"Kí lò ń ṣe yẹn?" Sangjun bi í.

"Mò ń sinmi."

"Ìgbà wo lo máa wá lù ú?"

"Tí mo bá sinmi tán."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà ni. Bongsu bọ́ bàtà rẹ̀ kan, ó gbọn iyanrìn inú rẹ̀ dànù, ó wọ̀ ọ́ padà. Ó bọ́ ìkejì. Ẹ̀rín tán. Mo bojú wo oòrùn, mo wo Bongsu, mo rí i pé òun náà ń wo oòrùn. Nígbà yẹn ni mo mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó ku bíi wákàtí mẹ́rin kí oòrùn tó wọ̀.

"Bàbá," Janggil sọ láti inú ẹní, "ẹ lù mí kó tán."

"Pa ẹnu mọ́. Koríko á wọ̀ ọ́ lẹ́nu."

A dúró. Ooru mú. Kò sí ẹni tó fẹ́ lọ mu omi, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ kó kan òun nígbà tí òun kò sí níbẹ̀. Wọ́n ń kùn. Ẹnì kan ní Bongsu ti ń ṣarán. Ẹlòmíràn ní Ìsàlẹ̀ ti fún un ní nǹkan. Chilbok ta ẹní nípàá. Janggil ké. Bongsu sún ìdí rẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ Chilbok bà, ó sì jókòó síbẹ̀.

Sangjun fa ojú Adájọ́ wálẹ̀ bo ojú rẹ̀. Ó na abẹ̀bẹ̀. Ohùn eré ló fi sọ ọ́, ohùn tó máa ń jáde láti inú igbá bí ẹni pé kànga ló ń sọ̀rọ̀.

"Lù ú!"

Mo rí ẹsẹ̀ ọ̀tún Bongsu. Ó gbéra nílẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni ẹsẹ̀ yẹn ti ń dá ohùn yẹn lóhùn. Gbogbo wa ló rí i. Bongsu fi ọwọ́ tẹ orúnkún rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ ajá mọ́lẹ̀.

"Lù ú!"

"Sangjun," ó ní, "tó o bá ní kí n lù ú, kùmọ̀ mélòó ló kù kó o tó sọ pé ó tó?"

"Gbogbo ilé ló máa lù."

"Mẹ́tàdínlógójì."

"Gbogbo ilé, mo ní."

"Mo gbọ́. Mò ń kà á ni."

Òógùn ń ṣàn lábẹ́ ojú igbá Sangjun, ó ń kán sórí abẹ̀bẹ̀. Ó ti ojú náà padà sórí. Ó rán èèyàn lọ sílé rẹ̀ láti gbé àpótí ìwé abúlé wá. Wọ́n gbé e dé. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi ìka tọ́ka.

"Ẹ wò ó. Ok Bongsu, mọ́kàndínláàádọ́rin. Bae Sangjun, àádọ́rin. Èmi ni mo dàgbà jù. Gbé kùmọ̀ yẹn wá."

Kò sí ẹni tó rò pé Sangjun lè gba ibẹ̀ yọ. Ó na ọwọ́. Bongsu wo ọwọ́ náà. Ó di kùmọ̀ mú. Ìwé ni ìwé. Kò mọ̀ ọ́n kà. Àwọn tó wà níwájú tún gbé kùmọ̀ wọn sókè.

"Sangjun! Ta lo ní o dàgbà jù?"

Ìyá Nutgol ni. Nutgol ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá, orúkọ yẹn la ń pè é. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ni, ó tẹ̀ kọdọrọ. Ó dúró sí etí ilẹ̀ ìpakà, ó fi ọ̀pá dúró.

"Ìyá, obìnrin kì í wọbí tí ẹní bá wà nílẹ̀," Sangjun ní.

"Mi ò wọlé. Ẹnu mi ló wọlé. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọ, ta ló se ọbẹ̀ ewé òkun tí abiyamọ ń mu fún ìyá rẹ?"

Sangjun tún bojú wo ìwé.

"Èmi ni. Ìyàwó tuntun ni mí, mi ò tíì mọ bí iyọ̀ ilé yín ṣe rí. Ta ló wá sọ fún mi pé kí n dín iyọ̀ kù? Ìyá Bongsu ni. Bongsu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó pọ̀n ọ́n o. Ó ń rìn! Ó ń jẹ ọ̀dùnkún, imú rẹ̀ ń ṣàn. Ó wò ọ́, ó ní, 'Ó burẹ́wà.' Ṣé ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ lè rìn wá wò ọ́ lọ́jọ́ ìbí rẹ?"

Ẹ̀rín bú jáde. Ojú Sangjun pọ́n.

"Ìwé ni òfin, Ìyá."

"Kí ìwé náà wá lù ú, nígbà náà."

Manbok, ẹ̀gbọ́n Chilbok, sọ kùmọ̀ rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ dúró ná," ó ní. "Tó bá jẹ́ ìwé la máa tẹ̀ lé, Chilbok ni ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n kọ orúkọ wa. Akọ̀wé gbé ọdún tèmi fún un."

"Àbúrò, kí lò ń wò?" ẹnì kan kígbe sí i. "Wólẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ!"

"Ẹni tí mo pọ̀n sẹ́yìn! Tó tọ̀ sí mi lára!" Manbok ní.

"Ní ti ìwé, ẹni ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí mo gbéyàwó," ọkùnrin mìíràn ní.

"Ìdí nìyẹn tí o kò fi tètè bímọ!"

"Tèmi ńkọ́? Ìwé sọ pé mo ju ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ. Ṣé mo fẹ́ máa pè é ní àbúrò? Á la igbá mọ́ mi lórí."

Ọ̀rọ̀ di rúdurùdu. Àwọn tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ń bú àwọn tí ìwé sọ di ẹ̀gbọ́n. Ọkùnrin méjì dira wọn ní àyà aṣọ mú nítorí oṣù méjì tí ọ̀kan fi ju ìkejì lọ. Mo rí Sangjun tó ń yí ìwé, tó ń pariwo pé ó tó, ó tó. Kò sí ẹni tó jókòó. Bongsu ń wo oòrùn. Oòrùn ti fi ìdí lé orí òkè.

Chilbok nìkan kò bá wọn jà. Wọ́n ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ tó. Oko méjì gbẹ, wọ́n sì ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa wólẹ̀ kí i. Ó gbé ojú Ẹhànnà wọ̀. Mo rí i nígbà tó wọ̀ ọ́. Ǹ bá ti sọ̀rọ̀. Mi ò sọ̀rọ̀. Ó yí po sẹ́yìn, ó gbé kùmọ̀ sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ibi tí orí Janggil wà nínú ẹní ló dojú kọ.

Bongsu gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò ráyè dìde. Ó fi ara lé ẹní, ó fi èjìká gbà á.

A gbọ́ ìró rẹ̀. Àwọn tó ń dira wọn mú fi ara wọn sílẹ̀. A ní òfin fún olè, a ní fún omi, a ní fún ẹní. A kò ní òfin fún ẹni ọgbọ̀n ọdún tó lu ẹni tó dàgbà jù lọ ní Solmoe lójú gbangba, nítorí kò ṣẹlẹ̀ rí. Chilbok dúró. A ń gbọ́ èémí rẹ̀ nínú igbá. Ojú pupa náà ń wò wá, eyín ẹlẹ́dẹ̀ síta. Mo rò pé yóò tún gbé e sókè.

Bongsu dìde jókòó. Apá ọ̀tún rẹ̀ so rọ̀ wọ̀ọ̀.

"Chilbok," ó ní, "bàtà rẹ ti já."

Chilbok wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà rọ́bà ni, òsì ti já létí. Ó ti rò pé kò sí ẹni tó mọ òun. Ó sọ kùmọ̀ sílẹ̀, ó yí padà, ó ń lọ. Kò bọ́ ojú náà. Ó wọ̀ ọ́ lọ títí ó fi dé ìsàlẹ̀ ọ̀nà, ajá ń gbó o.

Oòrùn wọ̀.

"Ẹ tú u," Bongsu ní.

Kò sí ẹni tó mira. Ó fi ọwọ́ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn náà, kò lè tú u. Mo fi kùmọ̀ mi sílẹ̀, mo lọ ràn án lọ́wọ́. Kì í ṣe pé mo dára. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù lọ.

Janggil jáde. Ó ti tọ̀ sára, koríko wà lẹ́nu rẹ̀ lóòótọ́. Ó wo Bongsu.

"Mo ṣí i," ó ní. "Èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn omi."

"Mo mọ̀."

"Ọmọ àna mi ń—"

"Mi ò bi ọ́. Lọ. Kí ilẹ̀ ọ̀la má ṣe mọ́ bá ọ níbí."

Ó lọ, ó ń tiro. Kò kí i. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti kúrò kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn kò padà wá mọ́.

Sangjun kó ìwé rẹ̀ sínú àpótí. Ó ní láti ọjọ́ náà, oko Bongsu ni yóò máa gba omi kẹ́yìn, tí omi bá wà. Ó ní Chilbok ni yóò máa ṣe Ẹhànnà. Bongsu ní ó dáa. Ó ní kí wọ́n gbìyànjú láti lu ihò imú ojú igbá náà tóbi sí i, pé kì í jẹ́ kí èèyàn mí dáadáa.

Mo bá a rìn délé. Ìyàwó rẹ̀ wo apá rẹ̀, ó wò mí, ó ní kí n máa lọ sílé mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi aṣọ so apá náà kọ́ ọ lọ́rùn, ó sì gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ọkà bálì tútù ni, tó bu omi kànga lé. Ata tútù mẹ́ta wà níbẹ̀ àti irú sóyà tí wọ́n ń ti ata bọ̀. Ọwọ́ òsì ló fi jẹ ẹ́. Ó jẹ ata méjì, ó fi ọ̀kan sílẹ̀.